Ọmọ Àwẹ̀ró Tí Kò Mọ Ẹja Pè

Bí ẹ bá béèrè Fàlílátù aránṣọ ní Ìkòròdú láyé ìgbà náà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé obìnrin náà mọ́ tónítóní. Ojúlé rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń dán, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kì í wọ aṣọ tí wọn ò fi áyọ́ọ̀nù lọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pàápàá, fífọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ kó tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé ìmọ́tótó ẹnu yìí ló kó bá a.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, ní agboolé kan létí ọ̀sà, níbi tí èéfín ẹja kì í ti í dáwọ́ dúró. Àwẹ̀ró ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Èkó ni ìyá ìyá Àwẹ̀ró ti sá ogun wá sí Ẹ̀pẹ́, ẹja yíyan ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró jogún ààrò náà, ó jogún ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń la ẹja nínú, ó sì jogún ẹ̀tọ́ pé iwájú òun ni àwọn apẹja á kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró sí láàárọ̀.

Nínú agboolé yẹn, wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní pípe ẹja. Bí ọmọbìnrin bá ti tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, wọ́n á da agbọ̀n ẹja tútù kan sórí ẹní níṣojú gbogbo ilé. Ọmọ náà á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa pe orúkọ wọn, á máa tò wọ́n ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Eré kọ́ o. Ẹja ò jọra lórí iná: èyí ń fẹ́ iná jẹ́jẹ́, èyí sanra tí ọ̀rá rẹ̀ lè dáná sun ààrò, èyí tinrín, bí o bá bojú wẹ̀yìn báyìí, ó ti di èédú. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó mú lọ́wọ́, òfò ni yóò kó bá gbogbo ilé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Fàlílátù nígbà tó pe tirẹ̀, kò sì ṣì ẹyọ kan. Ọbọ̀kún kan fi ẹ̀gún gún un ní ìka àárín lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó ń pe ẹja lọ ní tirẹ̀. Àpá náà kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Abẹ́ irin tí àwọn aránṣọ máa ń kì bọ ìka ló wà, kò sẹ́ni tó ń rí i.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ilé yẹn. Ọmọ ilé kì í gba ẹja lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá fẹ́ lọ, fúnra rẹ̀ ni yóò na ọwọ́ sórí ààrò, yóò mú èyí tó wù ú. Àlejò nìkan ni wọ́n ń di ẹja fún, nínú ewé, tí wọ́n á fi okùn so, tí wọ́n á sì gbé e lé e lọ́wọ́.

Fàlílátù kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ó sì fẹ́ Súbérù, akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìkòròdú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Súbérù, kò bá a jà lórí ohunkóhun. Àwọn ìyàwó akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kó o láyà jẹ. Lọ́jọ́ kìíní tó jókòó láàárín wọn, ọmọ kan ń fò kiri inú yàrá, ìyàwó tuntun bá ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń ta bí ẹfọ̀lọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú àwọ̀n!" Ó rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà. Òun gan-an ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí. Ọ̀kan nínú wọn fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ní, "Ìyàwó Súbérù, ṣé inú omi lẹ ti wá ni?" Ojú gba Fàlílátù tì débi pé ó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí wọ́n fi tú ká.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń já àwọn ọ̀rọ̀ etí omi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pe ẹfọ̀lọ̀ mọ́, kò pe sáwá, kò pe ọ̀wẹ̀rẹ̀. Ẹja lásán ló ń pe gbogbo wọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja.

Ó wá bí Mùlíkátù. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, ó lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́, ó sì bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹnu tó kún. Àlejò pàtàkì kan ń jẹun lọ́dọ̀ Súbérù lọ́sẹ̀ náà, ni Mùlíkátù bá na ìka sí àwo ọbẹ̀ ọkùnrin náà, ó ń dunnú: "Epìyà! Màmá, epìyà ni wọ́n ń jẹ!" Àlejò rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Ṣùgbọ́n Fàlílátù mú ọmọ wọ yàrá, ó fà á létí. "Ẹja ni! Ẹja lásán! Ta ló bi ọ́ léèrè orúkọ rẹ̀?" Ọmọ sunkún títí ó fi sùn lọ. Kò pe ẹja kankan lórúkọ mọ́ láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti ní ìpẹ́, ẹja ló ń jẹ́.

Nígbà tó di ọdún 1955, tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, Mùlíkátù wà lára àwọn àkọ́kọ́. Hẹ̀ẹ̀! Ẹ wá wo ìyá rẹ̀. Pẹ́ńsùlù, síléètì, ṣọ́ọ̀kì, rúlà: bí ọmọ bá ti mú ọ̀rọ̀ tuntun bọ̀ láti ilé ìwé, Fàlílátù á ní kó tún un sọ níwájú àwọn oníbàárà. Ó ń dùn mọ́ ọn pé ọmọ òun ń sọ ohun tí òun kò sọ rí lọ́mọdé. Ohun tí òun sọ lọ́mọdé tí ọmọ kò mọ̀, kò rò ó rárá.

Àmọ́ Àwẹ̀ró ń rò ó ní Ẹ̀pẹ́. Dáúdà, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì láàárín Ẹ̀pẹ́ àti ẹ̀bútè Ìkòròdú, òun ló ń bá wọn jẹ́ iṣẹ́ ẹnu. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà aránṣọ, ó ní, "Ìyá ní kí n bi yín, ṣé ọmọ ti ń pe ẹja? Kí ni kí n sọ fún Ìyá?"

Fàlílátù wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó lè sọ òótọ́, kò sí ohun tí yóò tìdí rẹ̀ yọ ju pé kí ìyá kẹ́dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. "Sọ fún wọn pé ó ń pè é," ni ó wí.

Irọ́ kékeré ni. Irọ́ kékeré kì í sì í jókòó jẹ́jẹ́. Lọ́dún kejì tí Dáúdà tún béèrè, ó ní ọmọ ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Lọ́dún kẹta, ó ní òun ń kọ́ ọ nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Gbogbo rẹ̀ ni Dáúdà ń gbé dé Ẹ̀pẹ́ láìyọ ọ̀kan kù. Àwẹ̀ró ń fi ń yangàn láàárín àwọn ẹlẹ́ja pé ọmọ-ọmọ òun ń kàwé, ó tún mọ ẹja, ọmọ wo ló tún tó bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1958, iṣẹ́ mìíràn dé. Dáúdà ní, "Ìyá ní èéfín ti mú òun lójú. Òun ò rí ọ̀nà dáadáa mọ́. Wọ́n ní òun fẹ́ fi ọ̀bẹ àti ààrò lé ẹnì kan lọ́wọ́ kí òun tó kú, ẹ̀jẹ̀ yín ni òun sì fẹ́ fi lé lọ́wọ́. Wọ́n ní kí Mùlíkátù wá pe ẹja lọ́sẹ̀ méjì òní. Bí kò bá sí níbẹ̀ títí tí yóò fi dàgbà, kò burú, òun á fi ẹlòmíràn ṣọ́ ọ fún un, ṣáà jẹ́ kó wá pè é."

Ara Fàlílátù bù máṣọ. Bí Dáúdà ti yẹ̀yìn, ó pe ọmọ, ó ní kí àwọn jọ lọ sọ́jà.

Kúbúrátù ni ẹlẹ́ja tí wọ́n lọ bá. Fàlílátù bẹ̀rẹ̀ wo inú agbada ẹja rẹ̀, ó fẹ́ fi ìka tọ́ka, kó máa sọ pé èyí ni lágbájá, èyí ni làkáṣègbè. Ẹnu rẹ̀ là, kò sí ohun tó jáde. Ó wo èkíní, ó wo èkejì. Àwọn orúkọ wà níbì kan lórí rẹ̀, ó ń gbọ́ wọn bí ẹni gbọ́ ohùn nínú yàrá kejì, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó jẹ́ ti èwo. Ọdún méjìlá péré ló fi kọ ẹ̀yìn sí wọn. Yẹ̀pà! Òun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún lórí ẹní!

Ó parọ́ níbẹ̀ náà. Ó ní, "Ìyá, tíṣà wọn ló ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹja wá." Kúbúrátù ń pè é, Mùlíkátù ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sínú ìwé: ọbọ̀kún, àrọ̀, epìyà, kútà, títí ó fi pé mẹ́rìnlá. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹja náà fúnra rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni Fàlílátù bá rí ìyàwó akọ̀wé kan tó ń bọ̀ lókèèrè. Ó gbá ọmọ lọ́wọ́ mú, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ nǹkan! Obìnrin tó ń sá nítorí pé wọ́n á bá a nídìí ẹja, ọmọ Àwẹ̀ró!

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Mùlíkátù fi kọ́ ìwé náà sórí. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé ni, kò pẹ́ tó fi ń ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá láìmí. Ọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Nínú ọkọ̀ Dáúdà, bí wọ́n ti ń sún mọ́ Ẹ̀pẹ́, Fàlílátù ṣèpinnu pé òun á jẹ́wọ́. Òun á fa ìyá sẹ́yìn ilé, òun á kúnlẹ̀, òun á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti wà ní ẹ̀bútè ní tirẹ̀, ó di ọ̀pá mú, gbogbo agboolé tẹ̀ lé e. "Ọmọ mi dé! Ẹ wá wo ìyá mi, ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ gba ọ̀bẹ mi!" Ó ń fọwọ́ wá orí Mùlíkátù nítorí kò rí i dáadáa. Ta ni yóò jẹ́wọ́ sínú ayọ̀ bẹ́ẹ̀? Fàlílátù kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí àwọn apẹja ti gúnlẹ̀, wọ́n da agbọ̀n ẹja sórí ẹní. Àwẹ̀ró jókòó sórí àpótí, ọ̀bẹ wà lórí itan rẹ̀. Yísà, àbúrò Fàlílátù, jókòó tì í pẹ̀lú Ṣẹ̀rífátù ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Bísímílà, ìyá mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Máa pè é."

Mùlíkátù dìde dúró. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí wọ́n ti ń ṣe níwájú tíṣà, ó gbé orí sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin kà á: "Ọbọ̀kún, àrọ̀, epìyà, kútà..." Ó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tán, ó tẹrí ba. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà obìnrin wojú ara wọn. Ọmọ náà kò wo ẹja kankan.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "O káre. Ohùn rẹ dùn. Ó yá, mú ọbọ̀kún fún mi."

Mùlíkátù wo òkìtì ẹja. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó tún wo òkìtì. Omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀, ó ní, "Màmá, èwo ni?"

Àwẹ̀ró ṣì ń rẹ́rìn-ín, kò tíì yé e. "Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀yin náà ti pọ̀ jù. Fàlí, bá a mú un. Fi hàn án kó lè máa bá a lọ."

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bí àwọn àgbà ti ń wí. Fàlílátù ì bá yan ikú lọ́jọ́ náà bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹní. Irú ẹja méjì ló ní irùngbọ̀n nínú òkìtì náà, ó sì rántí pé ọbọ̀kún ní irùngbọ̀n, ìyẹn kò tíì sọnù. Ó ṣe bísímílà nínú ọkàn, ó mú ọ̀kan, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìka Àwẹ̀ró rìn lórí ẹja náà. Ó fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀, ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù, ó tún padà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Àrọ̀ ni," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọbọ̀kún ní ẹ̀gún lẹ́yìn, Fàlílátù. Bó bá jẹ́ ọbọ̀kún ni, kò ní jẹ́ kí o mú un báyìí."

Ó gbé ẹja náà sílẹ̀, ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kàn. Ó fi àtàǹpàkò ra ìka àárín rẹ̀ títí tó fi dé ibi àpá náà. Ó kàn ń ra á ṣáá, níṣojú gbogbo wọn, ojú sì ń ti Fàlílátù.

"Ṣẹ̀rífátù," ni Àwẹ̀ró wá pè, "wá bá wa pe ẹja yìí kó má baà bàjẹ́."

Ọmọ Yísà jókòó ti òkìtì náà, ó ń pè, ó ń tò. Kò kó ọwọ́ sẹ́yìn, kò kọrin. Ó tilẹ̀ ń yán nígbà tó débì kan. Kí oòrùn tó ràn dáadáa ó ti tán, Àwẹ̀ró sì gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí ilé tú ká, Fàlílátù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: àwọn ìyàwó akọ̀wé, epìyà inú àwo àlejò, etí ọmọ tó fà, irọ́ ọdún mẹ́ta. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ tán.

"Ọ̀rọ̀ á máa sọnù," ló wí. "Ìyá ìyá mi kó ọ̀rọ̀ Èkó wá síbí, èmi ò mọ ìdajì wọn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé èdè wo nìyẹn. Ọmọ rẹ náà á ní tirẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ìwọ, Fàlí. Bí o bá ránṣẹ́ pé o ti gbàgbé, ṣebí mo wà níbí. Mi ò fọ́jú nígbà náà. Ǹ bá wá sí Ìkòròdú, ǹ bá jókòó tì yín, gbogbo wa ì bá jọ kọ́ ọ." Ó fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀. "Iṣẹ́ tí o fi rán Dáúdà, mo máa ń ní kó tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì."

Fàlílátù sunkún. Ìyá rẹ̀ kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Fàlílátù na ọwọ́ sórí ààrò gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àwẹ̀ró gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Dúró." Ó gbé nǹkan kan láti ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀: ẹja nínú ewé, okùn ti wà lára rẹ̀. Bóyá nítorí kí ọwọ́ ọmọ má baà jó ni, bóyá nítorí pé ó fẹ́ ṣe é dáadáa fún wọn ni, èmi ò lè sọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kí wọn nílé." Ẹ, ló pè é, kì í ṣe ìwọ. Fàlílátù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ó gbé ẹja náà lé itan nínú ọkọ̀. Mùlíkátù jókòó tì í, ó ti yọ ìwé rẹ̀ àti pẹ́ńsùlù. Nígbà tó yá, ó tú okùn ara ewé náà, ó yọjú wò ó, ó ní, "Màmá, èwo nìyí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá?"

Fàlílátù wò ó. Iná ti sọ ọ́ di dúdú, ó ti ká ìrù bọ ẹnu. Ó wò ó pẹ́.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní ẹ̀bútè Ìkòròdú. Dáúdà fún wọn lọ́wọ́ bọ́ sílẹ̀, ó bi í léèrè bó ti máa ń bi í láti ọjọ́ yìí wá: "Kí ni kí n sọ fún Ìyá?"

Ìyàwó akọ̀wé méjì dúró nítòsí, wọ́n ń dúró de ẹrù wọn, ọ̀kan nínú wọn ti ń kí i. Fàlílátù yọ ẹja náà kúrò nínú ewé, ó gbé e sókè níṣojú wọn.

"Sọ fún wọn pé mi ò mọ orúkọ ẹja tí wọ́n dì fún mi," ló wí. "Sọ pé mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n rán orúkọ rẹ̀ sí mi."

Dáúdà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Fàlílátù tún un sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì.